Àwọn Tí A Kò Lè Darí: Ìdí Tí Ẹ̀dá Inú Géèmù Fi Ń Wọni Lọ́kàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tí à ń pè ní NPC ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí lónìí, ìyẹn àwọn ẹ̀dá inú géèmù tí kò sí lábẹ́ ìdarí ẹni tó ń gbá a: oníṣòwò tó ń ta idà, ọmọ tó ń tẹ̀ lé akọni kiri, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè, ẹṣin, apínlẹ́tà. Ẹ bi ẹni tó ti ń gbá géèmù tipẹ́ pé ta ló wà lọ́kàn rẹ̀ jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò ní dárúkọ akọni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí fún wákàtí 40. Ẹni tí kò lágbára kankan lé lórí ló máa dárúkọ.

Èrò mi ni pé nǹkan méjì ló ń fa ìfẹ́ yìí. Yálà ẹ̀dá náà fi ìwà hàn pé òun rí wa, tàbí ó fi hàn pé òun ní ayé tirẹ̀ tí kì í dúró dè wá. Kóòdù kékeré tí wọ́n fara balẹ̀ kọ sì ló sábà máa ń gbé méjèèjì jáde.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Toriel nínú Undertale, géèmù tí Toby Fox gbé jáde lọ́dún 2015. Òun ló gba ọmọ tí à ń darí sílé, ó tọ́jú rẹ̀, ó fún un ní yàrá. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ máa lọ, Toriel dí ọ̀nà mọ́ ọn, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù iná ló ń jù. Ẹ̀mí 20 ni ọmọ náà ní ní ìpele àkọ́kọ́. Bí ẹ̀mí yìí bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwọn bọ́ọ̀lù iná náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún un, wọ́n á máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Toriel kò sọ̀rọ̀ kankan nígbà yẹn. Ìlànà kan péré ló wà nínú kóòdù: bí ẹ̀mí bá ti kéré tó báyìí, kí iná yà. Síbẹ̀, ẹni tó bá rí iná tó ń yà fún un ti mọ ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà.

Ìjà yẹn tún ní pàkúté nínú. Kéèyàn tó lè kọjá láìpa Toriel, ó ní láti yan Spare (ìyẹn, dá a sí) léraléra, láìsí ohun tó dájú pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ agbágéèmù ló ń rò pé àwọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lù ú kó rẹ̀ ẹ́ ná, torí bó ṣe rí nìyẹn pẹ̀lú àwọn ọ̀tá kéékèèké tí wọ́n ti bá pàdé. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí Toriel bá ti wálẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ìlù kan ṣoṣo tó jọ àwọn tó ṣáájú á pa á lójijì. Ẹni tó bá sáré padà sí ibi tó ti sééfù, tó tún ìjà náà jà, tó sì dá a sí lọ́tẹ̀ yìí, á bá Flowey, òdòdó kan tó ń sọ̀rọ̀, níwájú. Flowey á sọ fún un pé òun mọ ohun tó ti ṣe. Géèmù tí kò jẹ́ kí ìpadàsẹ́yìn wẹ ọwọ́ ẹni mọ́ ti sọ Toriel di ẹni gidi ju bí àwòrán ojú rẹ̀ ṣe lè sọ ọ́ lọ.

Ọkàn èèyàn ti múra de irú nǹkan báyìí tipẹ́ kí géèmù tó dé. Lọ́dún 1944, Fritz Heider àti Marianne Simmel, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, fi fíìmù kúkúrú kan han àwọn èèyàn. Kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀ ju onígun mẹ́ta méjì, róbótó kékeré kan, àti àpótí kan tó ní ẹnu ọ̀nà. Nínú 34 tí wọ́n kàn ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ ọ́ bí ìrìn àwòrán onígun lásán. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ìjà, ìbẹ̀rù, sísá àti lílé. Kò yẹ kí ẹni tó ń ṣe NPC máa wá bó ṣe máa kọ́ ọkàn sínú rẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń wò ó ti gbé ọkàn tirẹ̀ wá. Ìrìn tó ní ìdí ni kó fún un.

Ọ̀nà kan tó lágbára jù láti fún ẹ̀dá ní ìdí ni aago. Láti bí Ultima V ti ọdún 1988 ni àwọn ará ìlú inú géèmù ti ń jí, tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ń padà wálé sùn. Ṣùgbọ́n Majora's Mask ti Nintendo, lọ́dún 2000, ni mo máa ń tọ́ka sí, torí pé níbẹ̀, aago gan-an ni ìtàn.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ayé ibẹ̀ ní kí òṣùpá tó já lulẹ̀. Wákàtí 72 yẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 54 lójú aago tiwa, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 45 fún wákàtí kan. Akọni lè fọn orin láti dá àkókò padà sí òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ti ṣe fún àwọn ará ìlú ló máa pa rẹ́. Ìwé kékeré kan tó ń kọ ìgbòkègbodò wọn sílẹ̀ ní èèyàn 20 nínú. Anju, tó ń tọ́jú ilé ìtura, àti Kafei, àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó dàwátì, ni wọ́n ṣòro jù láti ràn lọ́wọ́.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Èèyàn á gba ìbòjú tó jọ ojú Kafei lọ́wọ́ ìyá Kafei, á wọ̀ ọ́ lọ bá Anju lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní lẹ́yìn tí apínlẹ́tà bá ti já lẹ́tà kan lé e lọ́wọ́. Anju á ní kí wọ́n pàdé nílé ìdáná ní agogo 11:30 alẹ́. Ó máa fún un ní lẹ́tà níbẹ̀, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú àpótí lẹ́tà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, apínlẹ́tà á gbé e lọ síbi tí Kafei fara pa mọ́ sí. Ìgbà tó bá jáde wá gbà á lèèyàn á tẹ̀ lé e wọlé. Ó máa fún èèyàn ní ẹ̀gbà ọrùn kan kó gbé e fún Anju, kó lè mọ̀ pé òun ṣì ń bọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n á jọ lọ gba ìbòjú ìgbéyàwó padà níbi tí olè kan tó ń jẹ́ Sakon gbé e sá sí. Lẹ́yìn náà, èèyàn á padà sí ilé ìtura, á jókòó ti Anju. Ilẹ̀ á máa mì, ará ìlú ti sá lọ tán. Nígbà tí Kafei bá wọlé, ó kù díẹ̀ kí òṣùpá já.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù lọ rèé: lálẹ́ ọjọ́ kìíní, Sakon máa ń já ẹrù gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Tí akọni bá gba ẹrù náà padà fún ìyá, Sakon kò ní lọ síbi tó ń sá pa mọ́ sí ní ọjọ́ kẹta, Kafei á sì dúró lásán. Oore tí a ṣe fún ẹnì kan ti ba ti ẹlòmíì jẹ́. Géèmù náà kò sì kìlọ̀ fúnni. Ó fi í sílẹ̀ kí a fúnra wa rí i pé àwọn ará ìlú yìí so mọ́ra wọn, yálà a wà níbẹ̀ tàbí a ò sí níbẹ̀.

Apínlẹ́tà tí mo dárúkọ yẹn, àwòrán rẹ̀ kò ní ohun kan tó ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì pọ̀. Ètò ọjọ́ rẹ̀ nìkan ló ní. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ó wà nílé, ó ń yí lórí ilẹ̀. Ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n sísá kò sí nínú ètò rẹ̀. Lẹ́tà kánjúkánjú kan wà tí Kafei kọ sí ìyá rẹ̀. Èèyàn lè fúnra rẹ̀ gbé e lọ fún ìyá náà, kó sì gba ìgò wàrà àkànṣe. Ó sì tún lè gbé e fún apínlẹ́tà kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ìkẹyìn. Ìyá Kafei á wá pàṣẹ fún un pé kó máa sá lọ, ìgbà yẹn ni ara rẹ̀ á tó balẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo lèèyàn lè yàn nínú ọjọ́ mẹ́ta kan, torí lẹ́tà kan péré ló wà. Mo ka apínlẹ́tà yìí sí ọ̀kan nínú àwọn NPC tó dára jù tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe. Ohun kan náà tó mú kó rọrùn láti kọ ní kóòdù, pé kò lè kúrò lórí ètò, ni wọ́n sọ di ìbànújẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí àwọn alábàárìn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Nínú Resident Evil 4 ti ọdún 2005, ọ̀tá lè ṣe Ashley, ọmọbìnrin tí akọni ń dáàbò bò, léṣe, wọ́n sì lè gbé e sá lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rí i bí ẹrù. Nígbà tí iléeṣẹ́ Naughty Dog ń ṣe The Last of Us, tó jáde lọ́dún 2013, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí akọni bá ń yọ́ lọ, àwọn ọ̀tá kì í rí Ellie, ọmọbìnrin tó ń bá a rìn, kódà bó bá sáré kọjá níwájú wọn gan-an. Ó máa ń hàn, ó sì máa ń pani lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìpinnu tó tọ́ ni. Ẹni tó rí Ellie tó sáré níwájú ọ̀tá láìsí ìyọnu á rẹ́rìn-ín, á gbàgbé. Ẹni tí Ellie tú àṣírí rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ti ń yọ́ lọ kò ní dárí jì í láé. Elizabeth nínú BioShock Infinite, lọ́dún 2013 kan náà, tún lọ síwájú sí i: ọ̀tá kì í dojú kọ ọ́ rárá, òun ló ń wá ọta ìbọn àti oògùn, tó ń jù wọ́n sí akọni nígbà tí nǹkan bá le. Agbágéèmù kì í ṣọ́ ọ, òun ni wọ́n ń wojú rẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe alábàárìn, ọ̀rọ̀ ìrìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú, kẹ́ ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan sí i lẹ́nu. Ká ní akọni ń rìn ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tó ń sáré ní mítà 5, tí NPC sì ń lọ ní mítà 3. Kò sí bí wọ́n ṣe máa bára wọn rìn. Akọni á máa sáré, á dúró, á tún sáré, inú á sì máa bí ẹni tó di páàdì mú. Ohun tó yẹ ni kí ìyára NPC máa tẹ̀ lé ti akọni nígbà tí wọ́n bá sún mọ́ra, kí ó sì dúró, kí ó bojú wẹ̀yìn, tí àyè àárín wọn bá ti fẹ̀ jù. Tó bá pọn dandan kí ẹ gbé e láti ibì kan sọ ọ́ sí ibòmíì, ẹ rí i pé kámẹ́rà kò kọjú síbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ìṣòro kejì. NPC tó dúró sáàárín ilẹ̀kùn ti ba ìtàn ńlá jẹ́ rí. Ẹ jẹ́ kó yà fúnra rẹ̀ bí akọni bá ti ń tì í, tí kò bá sì ríbi yà sí, ẹ jẹ́ kí akọni lè gba ara rẹ̀ kọjá.

Síbẹ̀, ìgbọràn tó pọ̀ jù tún ń pa ẹ̀dá. Fumito Ueda àti ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ èyí dáadáa. Nínú Ico ti ọdún 2001, bọ́tìnnì R1 ni èèyàn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti di ọwọ́ Yorda, ọmọbìnrin tó ń bá akọni rìn, mú. Ìka tí kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì di ọwọ́ tí kò gbọ́dọ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́. Nínú Shadow of the Colossus, lọ́dún 2005, Agro ẹṣin kì í fi gbogbo ìgbà dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó yí, bí ọ̀nà bá sì tóóró, ó máa ń fúnra rẹ̀ wá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbà. Ẹni tó bá ń fà á bí ìgbà tó ń wa mọ́tò á máa bá a jà. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ kó máa sáré á rí i pé ó mọ ọ̀nà. Torí náà, nígbà tí afárá wó ṣáájú òmìrán kẹrìndínlógún tí akọni fẹ́ bá jà, tí Agro ju ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń gùn ún síbi tó láàbò, tí òun fúnra rẹ̀ já sísàlẹ̀, ìpinnu ẹṣin náà ló jọ lójú wa. A ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ní èrò tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni àsọtúnsọ. Bí NPC bá ní gbólóhùn márùn-ún, tí akọni sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nígbà 40, á gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà mẹ́jọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹ̀ṣọ́ inú Skyrim lọ́dún 2011 nìyẹn. Gbólóhùn tí ẹ̀ṣọ́ fi ń sọ pé òun náà ti máa ń rin ìrìn akọni rí, kí ọfà tó bá òun lórúnkún, lè jẹ́ ìtàn tó ń wọni lára ká ní ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ń sọ ọ́, ó di àwàdà káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì.

Elan Ruskin ti iléeṣẹ́ Valve ṣàlàyé ojútùú kan tó dára níbi àpérò àwọn tó ń ṣe géèmù lọ́dún 2012. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan máa ń ní àwọn ohun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ kó tó jáde: ta ló ń sọ̀rọ̀, ibo ló wà, ẹ̀mí rẹ̀ ṣẹ́kù mélòó, ta ló wà nítòsí. Nígbà tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀rọ á wo gbogbo gbólóhùn tó bá a mu, èyí tí ohun tó béèrè pọ̀ jù ló máa borí. Gbólóhùn tó kàn béèrè pé kí ẹnì kan fara pa á máa wà fún ọjọ́ gbogbo, ṣùgbọ́n èyí tó béèrè pé kí ẹni tó fara pa jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, nínú òjò, lẹ́yìn tí wọ́n ti jà, ni á jáde lọ́jọ́ tó bá kò ó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè máa fi gbólóhùn kún un díẹ̀díẹ̀ láìtú èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ká. Hades ti ọdún 2020, tó ní gbólóhùn tí wọ́n gba ohùn sí tó lé ní 20,000, fi irú ìṣọ́ra yìí ṣe é débi tó fi jọ pé àwọn ará ilé Zagreus, akọni tó máa ń kú tó sì máa ń padà sílé, mọ ẹni tó pa á lẹ́ẹ̀kan yìí àti ohun ìjà tó mú jáde.

Àwọn kan wà tí ìfẹ́ wọn ní ìwọ̀n tó hàn gbangba. Nínú Stardew Valley, tí Eric Barone nìkan ṣe, tó jáde lọ́dún 2016, àwòrán ọkàn ni wọ́n fi ń ka bí ará ìlú ṣe fẹ́ràn wa tó, máàkì 250 sì ni ọkàn kan. Bíbá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúmọ́ jẹ́ 20, ẹ̀bùn tó fẹ́ràn jù jẹ́ 80, ẹ̀bùn méjì ni kò gbọ́dọ̀ jù lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, 140 fún ọ̀rọ̀ àti 160 fún ẹ̀bùn jẹ́ 300, ìyẹn ọkàn kan àti díẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ ìbí, ẹ̀bùn á di ìlọ́po mẹ́jọ. Èèyàn lè máa pín ẹ̀bùn kiri bí ẹni ń san owó àjọ, kó má sì ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń gba géèmù yìí sílẹ̀ lọ́wọ́ ìṣirò ni pé èrè máàkì kì í ṣe ohun ìní nìkan, ìran ìgbé ayé ẹni náà ni. Shane, tí kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á jẹ́ kí a rí ọtí mímu rẹ̀ àti àìnírètí rẹ̀. Linus tó ń gbé inú àgọ́ á jẹ́ kí a mọ̀ pé òun ló yan ìgbésí ayé yẹn. Shane ṣì ń sọ̀rọ̀ játijàti sí àjèjì kí ó tó di ọ̀rẹ́ wa, mo sì rò pé ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ náà níye lórí.

Nínú Dark Souls ti ọdún 2011, kò sí ìwọ̀n tó hàn rárá. Solaire ti Astora, jagunjagun kan, ń wá oòrùn tirẹ̀ kiri, ó ń bá wa jà níbi tó bá ti le. Bí a ò bá ṣe nǹkan kan, kòkòrò kan tó ń tàn bí oòrùn á gun orí rẹ̀ níbì kan tó ń jẹ́ Lost Izalith, á sọ ọ́ di wèrè tó ń kọjú ìjà sí wa. Láti gbà á là, èèyàn ní láti wọ ẹgbẹ́ Chaos Servant, kó fi Humanity 30 (ohun kan tí èèyàn ń kó jọ nínú géèmù náà) sílẹ̀ fún wọn, kí ọ̀nà àbùjá kan lè ṣí, kó sì pa kòkòrò náà kí Solaire tó débẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ èyí fúnni nínú géèmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló pàdánù Solaire nígbà àkọ́kọ́, wọ́n sì tìtorí rẹ̀ tún géèmù náà gbá láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kim Kitsuragi, òtẹlẹ̀múyẹ́ inú Disco Elysium ti ọdún 2019, ni èmi yóò fi ṣe olórí gbogbo wọn. Sìgá kan ṣoṣo lójúmọ́ ló ń gbà fún ara rẹ̀. Ó ní ìwé kékeré tó ń kọ nǹkan sí. Ẹni tí a ń darí ti mu ọtí débi tí kò rántí orúkọ ara rẹ̀, Kim sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kì í pariwo mọ́ ọn. Géèmù ń fi pa mọ́ ṣàkọsílẹ̀ bí Kim ṣe ń rí wa, ṣùgbọ́n kò fi máàkì kankan hàn. Ohun tí a ń rí ni kó dákẹ́ díẹ̀, tàbí kó sọ gbólóhùn kan tó gbè wá lẹ́yìn níwájú ẹlòmíì. Torí pé kì í sábà yìn wá, ìyìn rẹ̀ kan ṣoṣo lè mú kéèyàn gbé páàdì sílẹ̀ díẹ̀.

Ní báyìí, àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ tó lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe NPC. Lọ́dún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford àti Google kó ẹ̀dá 25 jọ sínú ìlú kékeré kan lórí kọ̀ǹpútà. Ohun gbogbo tí ẹ̀dá kan bá rí ló ń wọ ìwé ìrántí rẹ̀. Tó bá fẹ́ gbé ìgbésẹ̀, ohun mẹ́ta ni ẹ̀rọ fi ń yan ìrántí tó máa lò: bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ tó, bó ṣe ṣe pàtàkì tó, àti bó ṣe kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ tó. Wọ́n fi í sọ́kàn Isabella, ọ̀kan nínú wọn, pé ó fẹ́ ṣe àríyá ọjọ́ Valentine. Ìpè náà ti ẹnu bọ́ sẹ́nu títí 12 fi gbọ́. 5 ló dé. Nínú 7 tí kò wá, 3 sọ pé nǹkan mìíràn gba àkókò àwọn. 4 yòókù sọ, nígbà tí wọ́n bi wọ́n, pé ó wu àwọn, wọn ò kàn fi í sínú ètò ọjọ́ náà. Nínú gbogbo àbájáde iṣẹ́ yẹn, àwọn mẹ́rin yìí ló jọ èèyàn lójú mi jù. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé wọn sínú géèmù kí àwọn agbágéèmù lè rántí wọn, ohun tó kù láti ṣe ni kí Isabella bá wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, kí akọni sì wà níbẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.